Ọwọ́ Tí Nọ́ọ̀sì Kò Gbé Sókè

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, èyí tí a dì gbẹ̀yìn, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ó ń bí mi nínú títí di òní, n kò sì ní í purọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé inú mi ti rọ̀. Ẹni tó bá ní kí àgbà fi sùúrù sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ rí. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi àgbà tó wá ta aṣọ ní Lọ́kọ́ja àtijọ́, Mùsùlùmí sì ni mí. Ẹni tí à ń ṣe ìpolongo fún ni Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀, ọmọ Yàgbà, tó ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò Crusher. Níbẹ̀, aboyún tó bá fẹ́ bímọ yóò gbé kẹ́ẹ̀gì omi tirẹ̀ dání láti ilé. Odò ńlá méjì pàdé ní ìsàlẹ̀ ìlú wa, ẹ jọ̀ọ́! Ohun tí Bọ́sẹ̀ fẹ́ lọ bá wọn sọ nílé ìgbìmọ̀ kò ju omi yẹn lọ. Ọ̀gbẹ́ni aṣòfin tó wà lórí àga náà ti ṣèlérí rẹ̀ títí, ó rẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀dọ́kùnrin kan tí àwọn èèyàn lù bolẹ̀ ládùúgbò. Wọ́n ní ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀, orí rẹ̀ ti là. Àwọn tó lù ú tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí ó tì í síta fún àwọn. Bọ́sẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, ó rán orí ọmọ náà, ó sì ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ọmọ náà kó wá mú un lọ. Kò bi í ní ìbéèrè kankan ju ibi tó ń dùn ún lọ.

Àwọn alátakò wa gbọ́. Kí a tó mọ̀, ó ti di pé Nọ́ọ̀sì fẹ́ lọ ṣòfin kí ọkùnrin máa gbé ọkùnrin níyàwó. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ka ìyẹn léèwọ̀ tipẹ́, ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá dán an wò, ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì lágbára láti yí i padà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìgbéyàwó kankan! Ṣùgbọ́n nígbà tó di Jímọ̀, lèmọ́ọ̀mù wa fi gbogbo wáàsí pariwo rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí mọ́sáláṣí wa àti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lódìkejì títì ti ń jà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọn kò para pọ̀ bèèrè omi rí. Ìgbéyàwó tí kò sí ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún, tó jẹ́ ti Bọ́sẹ̀, àṣà kan wà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdìbò, ọmọ ìjọ tó bá ń dupò yóò jáde síwájú pẹpẹ, yóò kúnlẹ̀, gbogbo ìjọ yóò sì na ọwọ́ ọ̀tún sí i láti súre fún un. Ìbò tí ìyẹn ń fà kì í ṣe kékeré, òun ló jẹ́ kí a ní kó lọ. Mo tẹ̀lé e, mo jókòó sẹ́yìn, mo gbé fìlà mi lé itan. Ìjọ ti dìde, ọwọ́ ti nà, ni Pásítọ̀ bá ní kí wọ́n dúró ná.

“Arábìnrin, kí a tó súre,” ó ní, “gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ sókè, kí o gégùn-ún fún irú ọmọkùnrin tí o fi pamọ́ yẹn, kí gbogbo wa gbọ́.”

Bọ́sẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, ó kí i bí àwọn Yàgbà ṣe ń kíni. “Pásítọ̀, òkun o. N kò bá yín jiyàn Bíbélì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ni mo fi rán orí rẹ̀. N kò lè gbé e sókè láti fi gégùn-ún fún un.”

“Ṣé ìjọba Ọlọ́run lo fẹ́ ni, àbí ìjọba ayé?”

“Omi ni mo fẹ́, sà.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára pa ẹnu dé. Ìgbà náà ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àwọn ìyàwó alàgbà ní iwájú ló kọ́kọ́ sọ tiwọn kalẹ̀, àwọn akọrin tẹ̀lé wọn, ó wá kan àwọn obìnrin tí mo mọ̀ dájú pé Bọ́sẹ̀ ló gbẹ̀bí wọn. Ọ̀kan pọn ọmọ tí Bọ́sẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ń sùn, ìyá ń fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìborùn. Ọwọ́ ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló kù ní nínà. Ọmọ rẹ̀ ń fà á láṣọ, ó túbọ̀ na ọwọ́ náà síwájú. Èmi Mùsùlùmí dìde lẹ́yìn, mo na tèmi náà. N kò mọ àdúrà wọn, mo kàn nà á ni.

Nígbà tí ìsìn parí, mo dá Pásítọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ta ló ní kí ẹ wá so ọkùnrin méjì pọ̀?”

“Alhájì, ìgbàgbọ́ wa là ń dáàbò bò.”

“Lọ́wọ́ ta? Ọ̀gbẹ́ni tó wà lórí àga ní àlè nígboro, gbogbo wa la mọ̀. Ṣé ẹ ní kí òun náà gbé ọwọ́ sókè?”

“Abeg, Alhájì, make we leave am,” ló ní, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ fìdí rẹmi. N kò lè sọ pé wọ́n jí àpótí ìbò, nítorí àwa fúnra wa la ṣọ́ ọ. Wọ́n ti jí ìbò náà kó tó dé inú àpótí. Ẹgbẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń ṣọ́ àpótí, kò kọ́ mi bí a ṣe ń ṣọ́ pẹpẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń sọ pé kí ẹ̀sìn má dá sí òṣèlú. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i pé mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì lè pa ohùn pọ̀ tí wọ́n bá fẹ́, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Tiwa tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí làpálàpá ọ̀hún kò sí lára ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Obajana, èrè tí a jẹ nìyẹn. Omi kò tíì dé. Àwọn aboyún ṣì ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bá Bọ́sẹ̀, títí kan àwọn obìnrin ọjọ́ yẹn. Bí ìrọbí bá mú wọn, ọwọ́ kan náà yẹn ni wọ́n ń dì mú, tí wọ́n ń pè é ní ìyá. Ó ń gbẹ̀bí wọn, kì í sọ nǹkan kan. Èmi ni mo ń sọ ọ́: ojú gbogbo ìjọ ni wọ́n ti fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn, ojú gbogbo ìjọ náà ni kí wọ́n ti nà án padà sí i.