Ilà Tí Mo Yọ Kúrò Lójú Bàbá

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, wọ́n ní, ṣùgbọ́n agídí mi ò gbà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ara mi ní àwòrán yíyà nínú yàrá kan tí mo háyà ní Egan, l'Ékòó. Fídíò orí fóònù ni olùkọ́ mi. Pẹ́ńsù ò fún mi ní wàhálà púpọ̀, torí rọ́bà wà láti fi pa á rẹ́. Íńkì ni baba ọ̀rọ̀. Ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lèèyàn ń fà léra wọn títí òjìji á fi hàn lábẹ́ àgbọ̀n, èyí tó bá sì wọ́, ó wọ́ náà nìyẹn. Ẹni tó bá kí mi lásìkò náà, mo lè má dá a lóhùn.

Màmá àgbà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, ló gbé pásípọ́ọ̀tù ọkọ wọn tó ti dolóògbé wá. Àwòrán bàbá kan ṣoṣo tó kù nìyẹn, ó sì ti ká káàkiri nínú pọ́ọ̀sì.

"Bá mi yà á kó tóbi," Màmá wí. "Ojú mi ń ṣú lọ. Mo fẹ́ rí wọn dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dẹni tí ò ríran mọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Gbogbo ìlà ibi tí pásípọ́ọ̀tù ti ká ni mo yọ kúrò, awọ ojú bàbá wá ń jọ̀lọ̀. Mo gbóríyìn fún ara mi ṣá.

Màmá gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà.

"Ta nìyí?"

Mo sún mọ́ wọn. "Bàbá ni, mà."

"Rárá o. Ilà bàámú wọn dà?"

Ilà gbọọrọ kan láti orí imú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì: mo ti kà á mọ́ ibi tí pásípọ́ọ̀tù ká! Èmi, ọmọ Yorùbá! Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ sunkún.

"Ẹ jẹ́ kí n ya òmíràn, mà."

"Dìgbà wo? Ojú mi ò ní dúró dè ẹ́ o. Fà á síbẹ̀ jàre."

Wọ́n fi ìka kan orí imú tèmi, wọ́n rọra fà á wálẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ìka náà mọ ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí, torí bí ilà yìí bá wọ́, ojú àjèjì ni Màmá máa gbé wọnú òkùnkùn lọ. Mo sé èémí, mo jẹ́ kí agbára ti èjìká wá, kì í ṣe ọrùn ọwọ́, mo sì fà á lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí íńkì gbẹ, Màmá tún gbé e sún mọ́ ojú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀ lórí àga. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n rọra kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ pẹ́ o," wọ́n sọ fún bàbá. "Ẹ pẹ́ gan-an."