Ṣáláńgá Tí Bàbá Mi Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Fọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, nílé wa ní Niger Street, ní Sabon Gari, Kánò, iṣẹ́ tí mo kórìíra jù láyé ni fífọ ṣáláńgá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà sílé oníyàrá púpọ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé ń lò, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní búútà tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá kàn wá láàárọ̀ Sátidé, màmá mi á ra omi lọ́wọ́ mai ruwa tó ń ti ọmọlanke kiri, èmi á gbé ìgbálẹ̀, eérú àti ọṣẹ. Bí mo bá sá pamọ́, ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú apá sókè ni. Bí mo bá sì fọ̀ ọ́ tó mọ́, wáínà gbígbóná tí wọ́n fi ìrẹsì dín ń dúró dè mí, ti òun ti ṣúgà. Ẹ ò mọ bí wáínà ṣe ń dùn lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ṣáláńgá!

Bíríkìlà ni bàbá mi, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Bá a bá ń kọjá ní Ibo Road, á nawọ́ sí ògiri: "Ṣé ẹ rí ìyẹn? Ọwọ́ yìí ló mọ ọ́n." Màmá mi á ní, "Bàbá Fúnmi, a ti rí i lánàá."

Nígbà ọyẹ́ kan, àwọn ará abúlé Háúsá kan lẹ́yìn Kánò gbé iṣẹ́ fún un, pé kó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti balùwẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ibẹ̀ làwọn obìnrin ń gbọ́mọ wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí ìtọ̀ bá sì gbọ̀n wọ́n, àfi kí wọ́n mú un mọ́ra tàbí kí wọ́n wọ inú pòpòrò ọkà lọ. Bàbá mi ní bí iṣẹ́ yìí bá dáa, orúkọ òun délé nìyẹn. A ti gba ìsinmi nílé ìwé, ló bá kó wa lọ. A ru yanrìn, a pọnmi, a mu fúrá títí ikùn wa fi le. Nígbà tó parí, ó ń dán gbinrin. Mai Unguwa, olórí àdúgbò wọn, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dúpẹ́ dúpẹ́.

Nígbà tó yá, a padà lọ kun ilẹ̀kùn. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, mo sáré wọlé. Háà! Ilẹ̀ gbẹ táútáú, aláǹtakùn ti ta okùn sẹ́nu búútà. Àwọn obìnrin ṣì ń wọ inú pòpòrò lọ! Bàbá mi bi gbogbo wọn léèrè, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín: "Babu komai," kò sí nǹkan kan. Ojú ń tì wọ́n láti bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ àlejò.

Nígbà tá a padà délé, bàbá mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀, Alhaja, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, wà lórí ẹní ìrun, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mùsùlùmí ni Alhaja, bíi tàwọn ará abúlé yẹn. Bàbá mi ló di Kìrìsìtẹ́nì nígbà tó fẹ́ màmá mi.

"Àkànní, ibo lo kọjú ẹni tó bá lóṣòó sí?"

Bàbá mi nawọ́. Ìlà-oòrùn ni, ibi tí Alhaja ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjú sí kírun.

"Yéè! Ìwọ tí mo tọ́ lórí ẹní yìí! Ta ló máa kọ ìhòòhò sí ibi tó ń kọjú sí bẹ Ọlọ́run?"

Bàbá mi káwọ́ lérí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀, wọ́n ṣáà ti dúpẹ́. Ó ní, "Iṣẹ́ tí wọn ò lè lò, kí ni wọ́n ń dúpẹ́ ẹ̀ fún?"

Ilẹ̀ mọ́, ó gbé òòlù ńlá, àwa àti Alhaja tẹ̀ lé e padà sí abúlé, ó fọ́ sìmẹ́ńtì dídán yẹn fúnra rẹ̀. Mo sunkún bí ẹni téèyàn kú fún. Alhaja jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá bíríkìlà, títí gbogbo ibi ìgbẹ́sẹ̀lé fi kọjú sí àríwá. Nígbà tó gbẹ, ìyá Mai Unguwa, arúgbó kùjọ́kùjọ́, ló kọ́kọ́ gbé búútà wọlé. Ó jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó ké sáwọn obìnrin yòókù. Bàbá mi kọjú sógiri, ó ń fapá nu ojú. Inú mi dùn pé bàbá mi ni.

Lónìí, inú yàrá nilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ mi wà. Wọ́n á tẹ nǹkan, omi á gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Bí mo bá fi Yorùbá ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, Háúsá ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn: "Na gaji, Mama," ó ti rẹ àwọn. Kí ló rẹ̀ wọ́n? Ayé tiwọn rọrùn, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ adùn wáínà ọjọ́ Sátidé.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí mo kó àwọn àti bàbá mi lọ sí abúlé yẹn. Ọ̀pá ni bàbá fi ń rìn báyìí. Ẹsẹ̀ ti la ọ̀nà láti gbọ̀ngàn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, búútà tò lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì ibẹ̀.

"Fúnmi," ó ní, "ilẹ̀ ẹ̀ tutù."

Nígbà tá a ń padà bọ̀ tá a gba Ibo Road, kò nawọ́ sí ògiri kankan. Èmi ni mo ń nawọ́ sí wọn fáwọn ọmọ mi.