Àkísà Ẹsẹ̀ Adìẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ìkòkò omi ìyá mi lọ, mo gbà pé ohun tí mo ń rí ni gbogbo ayé ń rí. Àdúgbò Ladjifarani ní Parakou là ń gbé. Ará Ṣábẹ̀ ni bàbá mi, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe, onígbàgbọ́ sì ni wá. Ìyá Saká, obìnrin Dendi tó ń dín wàrà wàgáṣì tà, ló dojú ilẹ̀kùn kọ wá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà níbẹ̀, ẹ ò ní gbàgbé òórùn wàgáṣì yẹn nínú òróró gbígbóná. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fọ́nnu pé òun kò jí i jẹ rí, ẹ má gbà á gbọ́.

Adìẹ kò mọ ààlà nígbà náà. Tiwa àti ti Ìyá Saká jọ ń jẹ̀ ni, wọ́n jọ ń sùn lórí igi kan náà. Nítorí náà, ilé kọ̀ọ̀kan ní àkísà tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ adìẹ wọn. Tiwa jẹ́ pupa, láti ara àjákù aṣọ tó ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ bàbá mi. Ti Ìyá Saká jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá mọ èyí.

Èmi nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá rán mi lọ já ata, màá já èyí tó pọ́n pọ̀ mọ́ èyí tí kò pọ́n. Ìyá mi á ta mí ní ìkó lórí, á ní, “Ọ̀lẹ! O ò ní fara balẹ̀ wò ó.” Mo gbà pé ọ̀lẹ ni mí lóòótọ́. Mo wá ń dá ọgbọ́n: tòmátì, màá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́; máńgòrò, màá gbóòórùn ìdí rẹ̀. Adìẹ wa, ìrìn wọn ni mo fi ń dá wọn mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Madilẹ́nì, wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé. Olùkọ́ ní kò sí ẹni tí yóò gba sẹtifíkà níwájú rẹ̀. Òun ló ń fi èédú kọ́ mi ní ìṣirò lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní adìẹ kan, aláwọ̀ ilẹ̀, tí ìyá àgbà fún un láti Ṣábẹ̀; Ìyá Saká náà ní ọ̀kan tó jọ ọ́. Nígbà tí ọdún Àjíǹde kù ọ̀la, tí a gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń bọ̀, bàbá ní adìẹ náà la máa pa. Madilẹ́nì sunkún títí. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé ó ń yé ẹyin lọ́wọ́. Bàbá tún ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ọdún, kí àwọn àgbà tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n mú adìẹ náà fún ẹ̀gbọ́n mi kó pa á. Eré ló ń sá, mi ò lè fi ìrìn dá a mọ̀; mo lé e yí ká igi máńgòrò, mo mú un. Mo tú àkísà ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú eérú, mo gbé adìẹ náà lọ bá Madilẹ́nì lẹ́yìnkùlé. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún; kò tilẹ̀ wò ó dáadáa. Ó pa á, ó tu ìyẹ́ rẹ̀, ó sè é. Ọbẹ̀ náà dùn. Títí dòní ni mò ń rántí pé ó dùn.

Ọ̀sán ò tíì yẹ̀ tí Ìyá Saká fi dé, tó mú àkísà kan dání tí eérú lẹ̀ mọ́.

“Bàbá Madilẹ́nì! Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́, adìẹ tèmi lẹ wá fi ṣínu!”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé itan adìẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Nígbà kan náà ni adìẹ Madilẹ́nì yọ láti ẹ̀yìn ilé, tó ń ta ilẹ̀ jẹ̀jẹ́, bí ẹni pé wọ́n pè é wá jẹ́rìí.

Bàbá wo adìẹ, ó wo ọmọ rẹ̀. “Madilẹ́nì, o fi adìẹ olówó adìẹ rọ́pò tìẹ?”

“Rárá o, Bàbá. Èyí tí Bíọ́dún gbé fún mi ni mo pa.”

Wọ́n pè mí. Bàbá fi Bíbélì lé mi lọ́wọ́. Ó máa ń sọ pé ojú kì í purọ́, ẹnu ló ń purọ́.

“Àkísà wo lo tú?”

“Pupa ni, Bàbá.”

“Ojú rẹ ló rí i?”

“Ojú mi ló rí i.”

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀. Mo wo àkísà tó wà lọ́wọ́ Ìyá Saká, mo sì rí i pé kò yàtọ̀ sí èyí tí mo tú. Àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn ń pè é, mo sì rò pé bóyá èmi ni orí mi dàrú. Pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Madilẹ́nì ni pàṣán náà bà lé. Wọ́n gbé adìẹ rẹ̀ fún Ìyá Saká. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń padà sí Ṣábẹ̀, wọ́n ní kó mú Madilẹ́nì lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, pé ìwé ò wúlò fún ọmọ tó ń jí nǹkan. Kò jókòó ṣe ìdánwò sẹtifíkà mọ́. Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ kó tó lọ.

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo wá iṣẹ́ sídìí ọkọ̀ ojú irin. Dókítà tó ń yẹ ojú àwa tó ń wá iṣẹ́ wò ṣí ìwé kan síwájú mi, ó ní kí n ka nọ́ńbà inú rẹ̀. Mo ní mi ò rí nọ́ńbà kankan, pé ojú ewé náà rí tóótòòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi fi mí ṣẹ̀rín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé àwọ̀ wọ ojú, pé oríṣi mẹ́ta ni àwọn agbàmọ́lẹ̀ tín-tìn-tín tó wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú ènìyàn, àwọn ló jọ ń pín àwọ̀ sọ́tọ̀. Ó ní ọ̀kan nínú tèmi kò ṣiṣẹ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi, kò sì sí oògùn rẹ̀. Bíi tèmi, ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ ya pupa sọ́tọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n adìẹ, ó ní, adìẹ ń rí àwọ̀ dáadáa ju ọ̀pọ̀ ẹranko lọ.

Mo jókòó sórí òkúta níta. Ìyẹn ni pé adìẹ tí mo mú mọ àwọ̀ àkísà ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ara aṣọ ni pupa wà ni, àbí inú ojú? Bí ó bá jẹ́ inú ojú ni, kí ni mo fi Bíbélì búra lé lórí? Mo rò ó títí, kò yé mi. Kò tíì yé mi dòní.

Ọkọ̀ ojú irin tí wọn ò gbà mí sí ni mo wọ̀ lọ sí Ṣábẹ̀. Madilẹ́nì ń lọ ata, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ dókítà fún un. Ó mú ata pípọ́n kan àti ewé kan, ó gbé wọn síwájú mi.

“Èwo ni pupa?”

“Èyí tó rí bí ata.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. “Ojú tìẹ ò rí i. Èmi fẹnu sọ ọ́, etí Bàbá ò gbọ́ ọ. Èwo ló burú jù?”

Mo wá sọ èyí tó kù fún un, pé mo rí i lọ́jọ́ náà pé àkísà náà ò yàtọ̀ sí èyí tí mo tú, mo sì dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọlọ.

“Èyí gan-an ló yẹ kí o kọ́kọ́ sọ,” ló wí. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó bu oúnjẹ fún mi.

Láyé ìgbà yẹn, ọmọ á búra, ọ̀rọ̀ á parí. Lónìí, bí ọmọdé bá sọ fún mi pé báyìí lòun ṣe rí nǹkan, mo máa ń ní kó mú un wá, kí a jọ wò ó, kí a sì pe ẹlòmíràn. Tẹ́lẹ̀, ojú mi dá mi lójú. Nísinsìnyí, mò ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí mo tún lọ sí Ṣábẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àwọn adìẹ Madilẹ́nì ń jẹ̀ lójúde. Àkísà wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò wọ́n dáadáa. Funfun ni gbogbo rẹ̀.

“Lọ mú ọ̀kan wá kí a pa á,” ló wí láti inú ilé. “Kò sí ọ̀nà tí o fi máa ṣì í mú.”