Onídùúró fún Linux

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ sí Ọ̀yọ́. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, inú yàrá méjì tí mo háyà lẹ́yìn Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo máa ń wà, níwájú kọ̀ǹpútà, tí mò ń bá àwọn oníbàárà tí n kò rí ojú wọn rí ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi ti lọ sí ìlú òyìnbó pẹ̀lú ọmọ wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀, ojoojúmọ́ la ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Báyìí, ó ti di ọdún Kérésì àti ọjọ́ ìbí. Ẹ má ṣàánú mi, n kò tíì bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè nínú ilé kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn, tí màá sì dá ara mi lóhùn, tí màá tún bá ara mi jiyàn.

Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀ ṣe pàtàkì sí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣọ́ọ̀bù Alhaja kan ni mò ń lọ, nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, níbi tí wọ́n ti ń ta ajílẹ̀, irúgbìn, oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko àti oúnjẹ adìyẹ. Alhaja ní ibi ìkẹ́rùsí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà ti ń rajà. Kọ̀ǹpútà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ọ̀yọ́, tí à ń pè ní sáfà. Òun ló mọ ohun tó wà ní ibi méjèèjì: àpò ajílẹ̀ tó kù, irúgbìn tó ti fẹ́ pẹ́ jù, ẹni tó ra kiní kan àti ìgbà tó rà á. Iṣẹ́ mi ni pé kí sáfà yìí má ṣàìsàn. Kò sì kúkú ṣàìsàn, torí Linux ni mo fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń wọlé, màá wò ó, màá rí i pé kò sí ohun tó ṣe é, màá wá jókòó. Alhaja á ní, "Ẹnjiníà, o ò tíì jẹun." Kì í ṣe ìbéèrè. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, àwọn tó ń tajà á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó wá kí àfẹ́sọ́nà. A ó jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí ọjọ́ mìíràn nínú ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń pè mí wá jẹun.

Sáfà náà wá darúgbó. Ó ń pariwo bí ẹni tó ń hanrun, mo sì sọ fún Alhaja pé kí wọ́n ra tuntun kó tó di pé eléyìí dákẹ́. Wọn ò jiyàn. Ọ̀rọ̀ tó kù ni ohun tí a ó fi sínú tuntun.

Fún ẹni tí kò mọ̀, kọ̀ǹpútà kì í ṣàdédé ṣiṣẹ́. Ètò kan wà tó ń darí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, òun la sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sí i kí ohunkóhun mìíràn tó wọlé. Windows ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, òun náà sì lè ṣe iṣẹ́ sáfà dáadáa. Linux ni èmi fẹ́ràn. A kì í sanwó ká tó lò ó, kò wúwo, ó sì lè wà ní títan láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ni kò fani mọ́ra: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, ó tán. Àwa tí a mọ̀ ọ́n lò máa ń ṣe fọ́ńté díẹ̀ nítorí ojú dúdú yẹn. A máa ń wo àwọn oní-Windows bí ẹni pé wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú. Ìwà yìí kò dára, ṣùgbọ́n ó dùn.

Alhaja kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Ohunkóhun tàbí ẹnikẹ́ni tó bá máa wọ ṣọ́ọ̀bù wọn gbọ́dọ̀ ní onídùúró. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan wá tí yóò sọ pé, tí eléyìí bá sá, èmi ni kí ẹ mú. Ìyẹn kì í ṣe tuntun láàrin wa. Ti Alhaja ló wá yàtọ̀, torí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ pàápàá ní onídùúró lọ́dọ̀ wọn: mẹkáníìkì kejì tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun á wá tí ti àkọ́kọ́ kò bá sí nílé.

"Ẹnjiníà," ni wọ́n wí lọ́jọ́ náà, "ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Kí lo fẹ́ fi sínú ẹ̀?"

"Linux náà ni, mà. Ó ti bá wa gbé láìsí wàhálà."

"Mo mọ̀. Ta ni onídùúró ẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Alhaja kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń sọ o. Ìwọ, mo mọ̀ ọ́. Linux yìí ni mò ń bi ọ́. Lọ́jọ́ tí ara rẹ ò bá yá, Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ á rí i, ta ló máa wá? Gbogbo ohun tí mo fi ọjọ́ ayé mi kó jọ ló wà nínú àpótí yẹn. Àmáánà ni, ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni."

Mo ní àwọn ènìyàn wà.

"Mú ẹnìkan wá kí n fi ojú mi rí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó ń gbé nítòsí, tó máa gbéra tí mo bá pè é. Tí o ò bá rí i, Windows la máa fi sí i. Obìnrin kan wà ní Òwódé níbí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Òun mọ ìyẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n."

Inú bí mi títí ọkọ̀ fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó bí mi nínú ni pé òótọ́ ni Alhaja sọ. Mo sì mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Tí Windows bá wọlé, obìnrin Òwódé tó lè fẹsẹ̀ rìn wá ló máa tọ́jú rẹ̀, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa pe èmi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́bọ̀ mi ti parí nìyẹn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá onídùúró. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ ni Under G, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Linux. Àwa márùn-ún ni a wà nínú yàrá kan nígbà tí a wà ní yunifásítì, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la sì ní. Nínú àwo síìdì kan tó ti họ la ti rí Linux, a sì ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́, a tún un ṣe, a tún bà á jẹ́. Tí iná bá lọ, a ó jókòó síta, a ó máa jiyàn lórí ohun tí a máa ṣe tó bá dé. N kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí mò ń pè ní ìfẹ́ Linux, ìfẹ́ àwọn ènìyàn yẹn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Wọ́n ti kun ilé náà ní àwọ̀ mìíràn. Ẹni tó ń ta ìndómì níwájú rẹ̀ kò mọ̀ mí. Mo dúró díẹ̀, mo wo fèrèsé yàrá wa, wọ́n sá aṣọ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹ ń wá ọmọ yín ni?" Mo ní rárá, mo ṣìnà ni. Mo bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ní òun gbọ́ orúkọ Linux ní kíláàsì, wọ́n ṣe ìdánwò rẹ̀, ó ti kúrò lórí òun.

Nínú àwa márùn-ún, ẹni mẹ́ta wà ní Kánádà àti ìlú Ọba. Ọ̀kan nínú wọn ti di ẹni ńlá nídìí iṣẹ́ yìí gan-an. Mo pè é. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun máa dúró, òun lè wọ inú sáfà náà láti ibi tí òun wà. Mo ròyìn fún Alhaja lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Tí iná bá sun wáyà ẹ̀, ṣé látòkèèrè yẹn náà ló ti máa jó o pọ̀?"

Ẹnìkan tó kù ò lọ síbì kankan. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, ó ń ta táyà ọkọ̀, ó sì jẹ́ wòlíì ìjọ aláàdúrà kékeré kan. Ó pẹ́ tí a ti rí ara wa, bẹ́ẹ̀ a jọ wà nílùú ni. Ọjọ́rú ni mo lọ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìsìn, ó ṣì wọ sùtánà. Ó dì mọ́ mi pẹ́. Mo ro ẹjọ́ mi fún un.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ti gbàgbé gbogbo ẹ̀," ó wí. "Tó o bá gbé e síwájú mi báyìí, àdúrà nìkan ni mo lè gbà lé e lórí."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi, ó sì dẹ́kun ẹ̀rín.

"Ṣé iṣẹ́ yẹn ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?"

Mo sọ fún un pé kì í ṣe tìtorí owó. Mo sọ fún un nípa Ọjọ́bọ̀. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ojú sì tì mí bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, àgbàlagbà tó ń ráhùn pé wọn ò ní pe òun wá jẹun mọ́.

"Màá bá ẹ lọ lọ́la," ó wí. "Sọ fún un pé mo mọ̀ ọ́n. Ìyá arúgbó yẹn ò lè mọ̀ bóyá mo mọ̀ ọ́n tàbí n ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ló máa ń ṣiṣẹ́ náà lọ́jọ́kọ́jọ́."

A jọ lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ó wọ sùtánà funfun, ó ní Alhaja á bọ̀wọ̀ fún òun. A jókòó ti ara wa nínú ọkọ̀, ó ń rán mi létí oríṣiríṣi nǹkan tí a ṣe ní yàrá yẹn, inú mi dùn gan-an. Mo rò ó nínú ara mi pé irọ́ yìí kò burú, sáfà ò kúkú ń ṣàìsàn, èmi náà ò sì ń ṣàìsàn.

Alhaja kí i dáadáa. Wọ́n ní, "Wòlíì, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun," wọ́n sì ní kí wọ́n gbé àga fún un. Mo ti ń retí pé wọ́n á bi í ní ìbéèrè tó takókó, mo sì ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi í.

"Tí ẹni yìí bá sùn tí kò jí, ṣé ẹ máa lè gba ọjà mi là?"

Ọ̀rẹ́ mi la ẹnu. Ó máa sọ ọ́, torí tèmi. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti múra tán láti purọ́ nínú aṣọ funfun yẹn, fún mi.

"Kò lè ṣe é, mà," mo wí. "Kò mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nítòsí. Ẹ fi Windows sí i."

Alhaja ní, "Ó dáa. Ẹ wá jẹun, ẹ̀yin méjèèjì." A jẹun. Kò dùn lẹ́nu mi. Nígbà tí a ń padà, ọ̀rẹ́ mi ò rán mi létí nǹkan kan mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi títí a fi dé gáréèjì, ó ní òun á máa wá wò mí. Ọjà táyà àti ìjọ kì í jẹ́ kó ráyè, n kò sì dá a lẹ́bi.

Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, èmi àti obìnrin Òwódé náà la jọ kó gbogbo àkọsílẹ̀ láti inú ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti ń wá àṣìṣe rẹ̀ kiri kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, n kò sì rí èyí tó ju kékeré lọ. Windows wọlé, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọjà sì ń lọ. Nígbà tí a parí, mo pa sáfà àtijọ́. Ariwo rẹ̀ dáwọ́ dúró, yàrá náà pa rọ́rọ́. Mo kí Alhaja pé ó dàbọ̀, wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ kí àwọn tó tún rí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

N kò lọ mọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ pé mo wá ṣe? Ní Ọjọ́bọ̀, mo máa ń ṣiṣẹ́ bíi ti ọjọ́ yòókù, mo sì máa ń gbàgbé láti jẹun ọ̀sán.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, obìnrin Òwódé náà pè mí. Bí mo ṣe rí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù, mo ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà.

"Kí ló ṣe sáfà náà?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà. Alhaja ló ní mo gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá, ẹni tó máa wá tí n ò bá sí ńlẹ̀. Mo mú ẹni méjì lọ, wọ́n mọṣẹ́ dáadáa, Alhaja ò gbà wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kí n lọ bá. Wọ́n ní ẹ ò ní tan àwọn jẹ."

Mo bọ́ bàtà. Mo ní mo gbà, kí ó sọ fún Alhaja pé mo dúró fún un. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ó wá ṣàdúrà gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń ṣe fún onídùúró, pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohun tó máa mú kí àwọn pè mí ó ṣẹlẹ̀.

Mo ní, "Àmín."