Orúnkún Àríkẹ́ àti Ààlà Oko

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ ibi tí oko kòkó olóògbé Ọlọ́runníyì parí sí ní Araromi-Obu. Àríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbin pèrègún ààlà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ ti kú, ọdún kẹfà rèé, Ore ni Àríkẹ́ ti ń ta fùfú fún àwọn onímọ́tò tó ń lọ sí Bìní. Ìdí ìkòkò ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ara sanra, ẹsẹ̀ sì gbàgbé ọ̀nà oko.

Nínú oṣù kẹjọ, Olúwajùwọ́nlọ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pè é láti Àbújá.

"Màámi, mo máa gba ìsinmi ọjọ́ méjì nínú oṣù kẹwàá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá fi ààlà oko Bàbá hàn mí."

Inú Àríkẹ́ dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ọ̀kadà kì í kọjá odò tó wà lọ́nà oko, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ìyókù. Ó sọ ọ́ fún Jùwọ́n, ọmọ náà wá fi fídíò eré ìdárayá ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀: kó jókòó sórí àga, kó dìde, ẹ̀ẹ̀mẹwàá láràárọ̀, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

Mẹ́wàá kẹ̀! Ẹ̀rín pa obìnrin tó ti ru àpò kòkó kọjá odò yẹn rí. Ó ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lóṣòó lórí sìmẹ́ńtì, ó dìde, títí ó fi pé ọgọ́ta. Lọ́jọ́ kejì, orúnkún ń ro ó. Ẹni tó bá ti ṣán oko rí mọ̀ pé ìrora ọjọ́ àkọ́kọ́, oko náà ló ń wò ó. Bó o bá padà síbẹ̀ lọ́la, ara á tú. Ọgbọ́n yìí ni Àríkẹ́ fi wo orúnkún. Ó fi róòbù pa á, ó sì ṣe ọgọ́rin. Kó tó di ọjọ́ kẹsàn-án, orúnkún ọ̀tún ti wú tó orí ọmọ jòjòló.

"Màmá, kì í ṣe iṣan ló ń dùn yín, oríkèé ni," Loveth tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ládùúgbò sọ fún un. "Ẹ sinmi, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ lórí àga. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó ní òun gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi sinmi, ó tún padà sí ìlóṣòó lórí sìmẹ́ńtì, torí oṣù kẹwàá ń bọ̀ kíákíá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀kadà já òun àti Jùwọ́n sílẹ̀ létí odò. Àríkẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan lé afárá igi, orúnkún há. Ó padà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Adébóyè, tó ni oko tó bá tiwọn pààlà, ń bọ̀ lọ́nà, ó sì kí wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ìyá. Èmi á mú un yíká."

Jùwọ́n padà dé tayọ̀tayọ̀, ọ̀dà pupa lọ́wọ́ rẹ̀, Adébóyè sì ń tẹ̀ lé e bọ̀.

"Màámi, ó ti parí. Èmi àti Bọ̀dá Adébóyè ti sàmì sí gbogbo ààlà."

Àríkẹ́ wo fọ́tò inú fóònù. Pèrègún kéékèèké ló rí, ó dà bíi pé èṣí ni wọ́n gbìn wọ́n.

"Igi ọsàn tí bàbá rẹ máa ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Bọ̀dá Adébóyè ní tàwọn ni."

"Tiwa ni! Pèrègún wa wà lẹ́yìn rẹ̀!"

"Ó dáa, ìyá," Adébóyè ní pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "ẹ dìde, ká lọ, kẹ́ ẹ lọ fi hàn wá."

Àríkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Jùwọ́n ní kó máà yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Lórí àga ló ti ń ṣe é báyìí láràárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, àbámọ̀ sì ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń kà á. Oríkèé ti ń rọ̀. Ṣùgbọ́n kòkó ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn lọ́dún yìí, Adébóyè ló ká a.