Dinorah Wọ Bọ́ọ̀sì

Ní ìlú Mercedes, lórílẹ̀-èdè Uruguay, níbi tí gbogbo òpópónà ti ń dà gẹ̀rẹ̀ lọ sétí odò, kò sí ẹni tí kò mọ Nibia ìyàwó Elbio. Òun ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti di bàbá ọlọ́mọ nínú ìlú náà ló ti fi ṣíbí gbá lórí rí nítorí pé wọn ò jẹ ẹ̀fọ́ wọn tán. Ọlọ́yàyà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n tí ọdún bá ti ń parí, tí àwọn ará àdúgbò bá ń yan ẹran níta, Nibia a máa jókòó ti ẹ̀rọ tẹlifóònù inú ilé, kò ní í dìde títí yóò fi dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń retí.

Dinorah lorúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Ọdún mẹ́jọ ló fi ju Nibia lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ni Nibia dàgbà sí, nítorí pé ìyá wọn ń fọṣọ fún àwọn olówó láti àárọ̀ dalẹ́. Dinorah ló ń di irun fún un, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, òun ló sì bá a purọ́ fún ìyá wọn lọ́jọ́ tí Elbio kọ́kọ́ wá ń fẹsẹ̀ palẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba, wọ́n wá mú Líber, ọkọ Dinorah, níbi iṣẹ́ rẹ̀. Líber kò padà wálé mọ́. Kí wọ́n tó wá mú ìyàwó náà, ó bá ọkọ̀ apẹja kan sọdá sí Argentina, láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Bẹ́ljíọ̀m. Ọmọ ogún ọdún ni Nibia nígbà náà. Ó rò pé bó pẹ́ títí, ọdún kan ni, tàbí méjì.

Àwọn ṣọ́jà lọ tán. Àwọn tó sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dì mọ́ àwọn ẹbí wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Dinorah kò dé. Ó ní ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn. Ìyá wọn ń sin ẹlẹ́dẹ̀ kan lẹ́yìn ilé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀bẹ kàn án: "Ẹ fi í sílẹ̀, ti Dinorah ni." Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn gbó, ó kú fúnra rẹ̀. Ìyá ra òmíràn. Ìgbà tí ìyá alára wá kú, alápatà kan ló wá ra èyí tó kù lọ. Nibia wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, kò lè wò ó bí wọ́n ṣe ń fà á jáde.

Nígbà tí Nibia àti Elbio fẹ́ẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún nínú ìgbéyàwó, àwọn ọmọ wọn dáwó jọ, wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ: ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì nínú bọ́ọ̀sì ńlá kan tó ń kó èèyàn wo Yúróòpù káàkiri, orílẹ̀-èdè méje. Onígbàjámọ̀ ni Elbio. Kò sí orí tó gẹ̀ lóṣù yẹn tí kò sọ fún pé òun ń lọ wo ilé-ìṣọ́ onírin tó wà ní Paris. Ṣùgbọ́n Nibia ń wo ìwé ìrìn-àjò náà, ojú rẹ̀ sì dúró sórí ìlú tí Dinorah ń gbé: Brussels, oúnjẹ ọ̀sán, wákàtí méjì. Kò dúró de ìparí ọdún, ó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a máa gba ìlú yín kọjá."

"Àwọn wo ni 'a'?"

"Èmi àti Elbio. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé wa. Wọ́n ní wákàtí méjì la máa lò níbẹ̀."

Nibia gbọ́ tí Dinorah fa àga, tó jókòó.

"Wákàtí méjì," ló wá sọ. "Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé."

"Ohun tí wọ́n fún wa nìyẹn. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí n débẹ̀ kí n máa wá yín kiri o."

"Màá dúró ní gbàgede, lábẹ́ ilé-ìṣọ́ gíga. Wọ aṣọ òtútù."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéra. Madrid ni bọ́ọ̀sì ti gbà wọ́n. Íñigo, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Spéìn kan, ló ń mú wọn kiri. Agbòjò aláwọ̀ ìyeyè ló ń gbé sókè bí àsíá, tí àkókò bá sì ti tó, a pariwo pé, "Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ wọlé, bọ́ọ̀sì ń lọ!" Ẹ̀yìn Nibia àti ọkọ rẹ̀ ni Eufrosina jókòó sí, opó àgbàlagbà kan láti Colombia, tó ń kó ẹrù sórí ìjókòó òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Elbio gbé igbá máté, ewé tí wọ́n ń rẹ mu bíi tíì nílẹ̀ wọn, dání láti ilé, pẹ̀lú fúláàsì omi gbígbóná àti fèrè irin tí wọ́n fi ń fà á mu. Ó bu díẹ̀ fún opó náà. Opó náà fà á lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ewé kíkorò yìí! Kí lẹ ṣẹ Ọlọ́run ní Uruguay tó fi ní kẹ́ ẹ máa mu ún?"

"Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, màmá," ni Elbio wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ yín á dínkù."

Ní Paris, Elbio dúró sábẹ́ ilé-ìṣọ́ onírin náà, ó la ẹnu sílẹ̀. "Nibia, gbójú sókè! Irin lásán rèé, wọ́n kàn tò ó bí àkàbà!"

"Mo ti rí i."

"O ò rí nǹkan kan. Brussels lọkàn rẹ wà."

"Tó o bá ti mọ̀, kí lo wá ń pariwo lé mi lórí fún?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dé Brussels, ọkọ̀ akẹ́rù kan dojú dé lójú títì. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, òjò bẹ̀rẹ̀. Nibia di báàgì rẹ̀ mú sórí itan. Ìgbà tí wọ́n fi máa wọ̀lú, wákàtí méjì ti gé kúrú, kò pé wákàtí kan mọ́. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí báyìí, ó ta jáde, ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ síbi tó ti ń wá fìlà.

Ó sáré dé gbàgede, ó gbójú wo abẹ́ ilé-ìṣọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró. Ìyá wọn ló rí. Ìyá wọn tó ti kú ló dúró níbẹ̀ nínú òjò, irun funfun, ọwọ́ kan níbàdí, tó fi ara ti ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bó ṣe máa ń dúró nídìí ọpọ́n ìfọṣọ. Ó wá rìn sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà rèé?" ni Dinorah béèrè.

"Èmi ni."

"O ti sanra."

"Ẹ̀yin náà, orí yín ti di òwú."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dì mọ́ ara wọn. Wọ́n wọ ilé oníkọfí kan, Elbio sì bá wọn níbẹ̀. Wọ́n bu kọfí fún wọn, wọn ò mu ún. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dun Elbio. Dinorah ń wá ọ̀rọ̀ èdè wọn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ní orin ilẹ̀ òkèèrè. Èyí dun Nibia ju irun funfun lọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, kò gòkè. Kò pẹ́ tó fi rí agbòjò aláwọ̀ ìyeyè lójú fèrèsé.

"Mi ò lọ," ni Nibia wí.

Elbio wo ojú rẹ̀. "Dúró tì wọ́n. Èmi á máa lọ, wàá bá mi lọ́nà."

"Ìwọ tó ń sọnù nínú ọjà Mercedes?"

Dinorah sìn wọ́n dé ẹnu bọ́ọ̀sì. Nibia gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jù ú sílẹ̀. Àwọn èèyàn dúró nínú òjò lẹ́yìn wọn. Eufrosina yọrí jáde nínú ọkọ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, màmá. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge la ti ríra mọ."

Opó náà yíjú padà, ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà. "Ìjókòó rèé!"

"Kò ṣeé ṣe o, màmá," ni Íñigo wí. "Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

"Kí wọ́n lé ọ! Màmá tìrẹ dà?"

Àwọn ará Mẹ́síkò tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́: "Ẹ jẹ́ ó wọlé! Ẹ jẹ́ ó wọlé!" Amílcar awakọ̀, ará Pọtogí tí kò tíì sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ láti Madrid, wo dígí rẹ̀. "Mo ti ka orí," ló wí. "Orí pé. Ẹ jókòó ká máa lọ."

"Mi ò mú nǹkan kan dání," ni Dinorah wí, ó ń wo báàgì kékeré ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ ó ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ná.

Elbio fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó lọ jókòó ti Eufrosina, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn gbogbo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún un, láti orí dé ẹsẹ̀. Dinorah ní òun á sọ̀ ní Antwerp. Nígbà tí wọ́n dé Antwerp, ó ní Amsterdam ò kúkú jìnnà mọ́. Ní Amsterdam, wọ́n kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, Elbio ń ya fọ́tò ilé tóóró-tóóró. Àwọn obìnrin méjèèjì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ilé náà, ojú ara wọn ni wọ́n ń wò.

Ìgbà tí wọ́n forí lé Jẹ́mánì lọ́jọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ náà tó gòkè. Nibia po máté, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò wálé?"

Dinorah fà á títí omi rẹ̀ fi tán. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo dé pápákọ̀, mo rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n tò, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí bàálù fi lọ. Mo ń rò ó pé tí mo bá dé ilé, gbogbo èèyàn ló máa wà níbẹ̀, Líber nìkan ni kò ní í sí. Níhìn-ín, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí. Kò sẹ́ni tí mo máa rí tí màá fi máa wá a."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ìkejì, o pè mí pé Màmá ti lọ. Mo bá bi ara mi pé, ta ni mo tún fẹ́ lọ kí?"

Nibia gbé fúláàsì sílẹ̀.

"Èmi ńkọ́?"

Kò pariwo. Síbẹ̀ Eufrosina pa ẹnu mọ́ láàárín ọ̀rọ̀ kíndìnrín rẹ̀.

"Èmi ńkọ́, Dinorah? Mo wà láyé. Mo wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún yìí." Kò pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbangba bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Dinorah fi ọwọ́ méjèèjì di igbá máté náà mú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ọmọdé lo jẹ́ lójú mi," ló wí. "Bí mo ṣe fi ọ́ sílẹ̀ létí odò náà ni mo ṣe ń rí ọ. Mi ò mọ̀ pé o ti dàgbà débi tí wàá máa retí èèyàn. Dárí jì mí, àbúrò mi."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó mú ìyarun jáde nínú báàgì, ó yí orí Nibia sójú fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun tí òjò àná ti dà rú. Íñigo ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ nípa odò ńlá kan àti àwọn ọba tó jẹ létí rẹ̀. Wọn ò gbọ́ ọ.

Ìlú Cologne ni Dinorah ti máa wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Ibùdókọ̀ náà wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì dúdú gàgàrà kan. Gbogbo àwọn tó wá wò ó gbórí sókè, àwọn méjì yìí nìkan ló dorí kodò. Kóòtù tí Eufrosina yá Dinorah nínú bọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Opó náà kọ̀ láti gbà á padà, ó ní ooru ń mú òun.

"Màá wá lóṣù Kejìlá," ni Dinorah wí.

"Ẹ má ṣèlérí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti ṣe é."

Ó wúkọ́, ó gun ọkọ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. Ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ yẹn kì í dágbére, ó kàn ń yọ́ lọ.

Wọ́n rí yìnyín lórí òkè ní Switzerland, wọ́n sì dé Ítálì. Nínú ọkọ̀ ojú omi ní Venice, Elbio bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé inú rẹ ti wá dùn báyìí?"

Nibia mi orí. "Ó tún wá le sí i ni. Tẹ́lẹ̀, ọmọge kan ni àárò rẹ̀ ń sọ mí, mi ò sì rántí ojú rẹ̀ dáadáa mọ́. Ní báyìí, ìyá arúgbó kan ni, mo mọ bó ṣe ń wúkọ́, mo mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tutù."

Elbio fi ẹ̀wù rẹ̀ bò ó léjìká.

Nígbà tí wọ́n délé, àwọn ará àdúgbò kóra jọ, wọ́n ní kó sọ bí Yúróòpù ṣe rí. "Ó jìn," ni Nibia wí, ó sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ máa fi fọ́tò hàn wọ́n. Ó kun yàrá ẹ̀yìn, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun. Oṣù Kejìlá dé, dókítà ní pẹ̀lú bí ẹ̀dọ̀fóró Dinorah ṣe rí, kò tíì lè wọ bàálù. Wọ́n sún un di Àjíǹde. Àjíǹde dé, ó tún kọjá.

Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró de ìparí ọdún mọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Dinorah ń pè. Lọ́sẹ̀ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Nibia, jọ̀ọ́, gbé ẹ̀rọ yẹn sójú fèrèsé." Nibia fa okùn rẹ̀ gùn, ó gbé e lé ojú fèrèsé tó kọjú sí òpópónà. Àwọn ẹyẹ ayékòótọ́ ń ṣe àròyé lórí igi, ẹnìkan ń fọ ọkọ̀, ìyá kan ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun, ẹni tó ń ta gáàsì gun alùpùpù rẹ̀ kọjá. Elbio wọlé, ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Nibia gbé ìka lé ètè fún un. Àwọn méjèèjì sì dúró síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, wọ́n ń jẹ́ kí Dinorah gbọ́ ìró àdúgbò.