Lámpù Méjì Inú Àpótí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹni tó bá máa pè mí ní òpùrọ́, kó tètè pè mí bẹ́ẹ̀ báyìí kí ara tù ú. N kò mutí, n kò sì ṣàìsàn. Ọ̀sán gangan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú, nínú pálọ̀ mi ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí. Ká ní òru ni, ǹ bá sọ pé oorun ló ń kùn mí.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sùn ní yàrá kejì, n ò fẹ́ kó gbọ́.

Kajú ni mo ń rà tí mo ń tà, ṣùgbọ́n orin ni àìsàn tèmi. Bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, iwájú bafulu ńlá méjì tí ohùn orin ń gbà jáde ní pálọ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Inú fóònù ni gbogbo orin wà lóde òní, ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde sì gbẹ bí ewé ìgbà ọyẹ́. Lọ́dún yìí ni mo rí ẹ̀rọ kékeré kan rà ní Kutọnu, ti ilẹ̀ Ṣáínà. Àárín fóònù àti bafulu lẹ máa so ó mọ́, òun ló máa sọ orin inú fóònù di ohùn gidi. Lámpù kéékèèké méjì dúró lórí rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú rédíò ayé àtijọ́. Wọ́n á pọ́n, wọ́n á gbóná. Owó rẹ̀ kò tó ti ewúrẹ́ kan! Ẹ gbà mí gbọ́, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú mi.

Wọ̀bìà ló kó bá mi. Wọ́n ní bí èèyàn bá yọ lámpù Ṣáínà yẹn, tó fi ti àtijọ́ sí i, á tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì mọ ibi tí ti àtijọ́ wà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ló ń tún rédíò ṣe nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré ló pa á. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló wà lọ́dọ̀ mi, torí ìyá rẹ̀ ṣì ń ṣọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tirẹ̀ ní Adido.

Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ olóògbé títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ọjọ́ yẹn ni ẹbí á péjọ, àgbà á gbé e lé ọ lọ́wọ́, á ní, "Ó ti fún ọ." Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kó pé nígbà tí mo lọ ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Mo ní ṣebí lámpù lásán ni. Mo mú méjì tó kán ọ̀dà èékánná pupa sí lórí, àmì tó máa ń fi sí èyí tó dára jù.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ìyàwó mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àbẹ̀kẹ́ ń ṣa kajú lórí ẹní níta. Mo ki lámpù náà bọ ẹ̀rọ mi, mo fi orin àgbà kan sí i. Háà! Ó dùn. Ó dùn débi pé mo dijú.

Ìgbà tó yá, mo gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ orin náà. Ẹnìkan ń súfèé láàárín eyín, fíì, fíì. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń yọ́ òjé fi lẹ wáyà inú rédíò, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo dá orin dúró. Súfèé náà kò dúró.

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí èékánná kan inú bafulu lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́, kọ́.

Mo mọ ohun tó kàn. Rédíò tí ẹ̀gbọ́n mi bá tún ṣe tán, á kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á wá pe ọmọ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí ẹni tó ni ín tó gbọ́.

"Àbẹ̀kẹ́," ohùn náà sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Wá gbọ́ ọ."

Mo fa wáyà iná yọ. Mo di wáyà náà mú lọ́wọ́ báyìí o! Lámpù méjèèjì sì ń pọ́n sí i.

Ta ni wọn ò kọ́ láti kékeré pé bó bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó ń pè, kó má jẹ́ ẹ? Mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà láti kígbe kí ọmọ náà má jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

"Bàbá, mo ń bọ̀!" Àbẹ̀kẹ́ ló dáhùn níta yẹn.

Ó sáré wọlé, ó jókòó síwájú bafulu, ó fi etí lé e. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ọmọ tí kò rẹ́rìn-ín látọjọ́ ìsìnkú. Mo gbá a mú. Ara rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Bàbá Kékeré," ó sọ ọ́ sí mi létí, "bàbá mi ní iṣẹ́ àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

Ojo ni mí, mo jẹ́wọ́. Mo fi àkísà wé ẹ̀rọ náà tòun ti lámpù rẹ̀, mo lọ jù ú sórí ààtàn lẹ́bàá ojú irin.

Kò tán síbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ò jẹun mọ́. Lọ́sàn-án gbogbo, á lọ jókòó síwájú bafulu tí a ò so mọ́ nǹkan kan, á máa mi orí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, wọn ò rí nǹkan kan. Ọmọ náà ń gbẹ lójú mi.

Ni mo bá lọ bá Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ní Boni. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ta ló fún ọ?" wọ́n bi mí.

"Kò sẹ́ni tó fún mi, Ìyá."

"Lọ dá a padà sínú àpótí kí ogójì ọjọ́ tó pé. Bí ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ò ní parí láé. Á mú ẹni tó ń jẹ́ ìpè rẹ̀ lọ."

Mo sáré dé ààtàn. Ọwọ́ ni mo fi tú u. Mo rí àkísà. Ẹ̀rọ náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án àná, mo jókòó sẹ́yìn Àbẹ̀kẹ́, mo di aṣọ rẹ̀ mú. Kọ́, kọ́. "Àbẹ̀kẹ́, wá gbọ́ ọ." Ó ń la ẹnu. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, èmi ni mo dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Èmi ni mo ń bọ̀."

Ohun gbogbo dákẹ́. Lálẹ́ àná, Àbẹ̀kẹ́ jẹ iṣu, ó tún béèrè òmíràn. Mo sunkún ayọ̀, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lónìí, ó ń ṣeré níta nígbà tí èékánná kan bafulu. Kò gbọ́ nǹkan kan. Orúkọ tèmi ni wọ́n pè, èyí tí ìyá wa àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan máa ń pè mí. N ò tíì sọ fún ìyàwó mi.

Ọjọ́ Ẹtì yìí ni ogójì ọjọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta ẹ̀rọ kékeré onílámpù méjì fún yín ní ẹ̀dínwó, ẹ wo orí lámpù náà. Bí ẹ bá rí ọ̀dà pupa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má so ó mọ́ iná, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọ yín wà nítòsí. Ẹ béèrè ilé oníkajú lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Iye tẹ́ ẹ bá pè ni màá san. Àpótí ẹ̀gbọ́n mi wà lórí itan mi bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, àyè méjì ṣì ṣófo nínú rẹ̀.